Ọ̀sẹ̀ kan pẹ̀lú DOS, Windows àti àwọn ọmọ-ọmọ mi: ṣé kíláàsì náà tó owó tí mo san?

Ìka Mofẹ́ ló gbé mi débẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni. Mo gbé láptọ́ọ̀pù mi àtijọ́ fún un kó fi wo àwòrán, ló bá ń fi ìka nù ún lójú, ó nù ún lọ sókè, ó nù ún wá sísàlẹ̀, nǹkan kan ò mì. Ó ní, "Màmá, ó ti kú." Mo ní kò kú o, ìwọ lo ò gbọ́ èdè ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀, Tọ́míwá, tó jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá, ń fi í rẹ́rìn-ín. Mo wá bi òun náà pé kí ló wà nínú ẹ̀rọ yìí tó ń gbọ́ ohun téèyàn bá tẹ̀. Ó ronú díẹ̀, ó ní, "Bátìrì."

Mo fi ọdún mẹ́tàdínlógún ṣe business centre ní Mọ́kọ́lá nílùú Ìbàdàn, láti 1992 sí 2009. Táípì, fọ́tòkọ́pì, ìwé ìpè ìgbéyàwó, purojẹ́ẹ̀tì àwọn ọmọ UI àti Poli. Nígbà tí ọmọ mi obìnrin wá fi ìkéde kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp pé àwọn kan ní Bódìjà fẹ́ fi ọ̀sẹ̀ kan nínú ìsinmi gígùn sọ ìtàn operating system, ìyẹn ètò tó ń darí gbogbo iṣẹ́ inú kọ̀ǹpútà, fún àwọn ọmọdé, ó yà mí lẹ́nu. Kíláàsì kọ̀ǹpútà tí mo mọ̀, bí wọ́n ṣe ń táípì ni wọ́n ń kọ́ ọmọ níbẹ̀, tàbí coding tó wà lẹ́nu gbogbo ayé báyìí. Ìtàn kẹ̀? Ta ló ń sanwó ìtàn?

Èmi náà ni mo san án. ₦25,000 ni lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ márùn-ún, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ sí aago kan ọ̀sán, kálukú á gbé oúnjẹ ẹ̀ wá. Mo ná an títí wọ́n fi gba ₦45,000 fún àwọn méjèèjì. Mo tún bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí n máa jókòó sẹ́yìn wò wọ́n. Wọ́n gbà. Wọn ò mọ irú arúgbó tí wọ́n gbà wọlé.

Mi ò ní dárúkọ wọn níbí, torí mo ní ẹjọ́ díẹ̀ láti rò, ọ̀dọ́ sì ni wọ́n, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde ni.

Ilé òkè ni, orí ṣọ́ọ̀bù aṣọ. Ọmọ mẹ́rìndínlógún, kọ̀ǹpútà mẹ́sàn-án, fáànù méjì tí ariwo ọ̀kan pọ̀ ju atẹ́gùn ẹ̀ lọ. Olùkọ́ méjì ni wọ́n: ọkùnrin kan tí àwọn ọmọ ń pè ní Ọ́ńkù, àti ọmọbìnrin kan tó jẹ́ àgùnbánirọ̀, òun ni Àńtí.

Lọ́jọ́ Ajé, wọn ò jẹ́ kí ọmọ kankan fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Inú bí Tọ́míwá débi pé kò jẹ ẹyin ẹ̀. Ọ́ńkù kó páálí Indomie tí wọ́n ti gé wẹ́wẹ́ jáde, ó pín in fún wọn, ìṣirò kan wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó mú ọmọ kan jókòó síwájú, ó ní òun ni kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ ẹ̀ ò sì ju kó ṣe ìṣirò. Ó ní kí ẹni àkọ́kọ́ gbé páálí ẹ̀ lọ, kó dúró gba èsì, kó padà lọ jókòó, kí ẹni kejì tó dìde. Ó ń fi aago ọwọ́ ẹ̀ ka ìṣẹ́jú. Ẹni tí wọ́n bá pè á kọ́kọ́ máa wá páálí lábẹ́ bẹ́ǹṣì, ẹlòmíì á fẹ́ tọ̀ kó tó wá, "kọ̀ǹpútà" á sì jókòó síwájú tí yóò máa fi ẹsẹ̀ ṣeré. Ọ́ńkù á ní, "Ẹ wò ó, owó ń lọ o!" Bó ṣe rí nígbà náà lọ́hùn-ún gan-an nìyẹn. Kọ̀ǹpútà kan ń gba odindi yàrá, ìjọba, yunifásítì àti àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ló lágbára láti ní i, síbẹ̀ ó ń jókòó lásán nígbà tí èèyàn bá ń to káàdì oníhò tí wọ́n kọ iṣẹ́ ẹ̀ sí lọ́wọ́.

Ó wá mú ọmọ mìíràn, ó ní ìwọ ni operating system. Òun ló gba gbogbo páálí pọ̀, ó tò ó, ó ń nà án sí ẹni tó ń ṣe ìṣirò lọ́kọ̀ọ̀kan láìdúró, ó sì ń kó èsì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Iṣẹ́ tó gba ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá lẹ́ẹ̀kan gba márùn-ún péré. Lẹ́yìn tí ariwo rọlẹ̀ ló tó sọ fún wọn pé ní 1956, àwọn òṣìṣẹ́ General Motors, àwọn tó ń ṣe mọ́tò, àti North American Aviation, àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ òfurufú, ló jọ ṣe irú ẹ̀ fún ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ IBM 704, torí ó ti sú wọn kí ẹ̀rọ olówó gọbọi máa jókòó. Mo yọ bírò, mo kọ ọ́ sílẹ̀. Gbogbo ọdún tí mo fi jẹun lórí kọ̀ǹpútà, n kò mọ̀ pé ọwọ́ àwọn oní-mọ́tò wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Ọ́ńkù ò tíì yé àwọn kékeré tán. Àńtí dìde, ó sọ ọ́ ní Yorùbá. Ó ní, "Ṣé ẹ ti dé ọ̀dọ̀ ìyá olóúnjẹ rí? Sítóòfù méjì, ìkòkò mẹ́fà, èrò rẹpẹtẹ. Ṣé kọ́sítọ́mà máa ń wọnú ilé ìdáná lọ bu ọbẹ̀ fúnra ẹ̀ ni?" Wọ́n ní rárá. Ó ní, "Ìyá ló ń pín iná fún ìkòkò, òun ló ń pín àwo, òun ló mọ ẹni tó kọ́kọ́ dé, òun ló ń lu ẹni tó bá ki ọwọ́ bọ àwo ẹlòmíì lọ́wọ́. Ìyá yẹn ni operating system." Mofẹ́ nawọ́. Ó ní ẹni tó bá jẹun tán tó sá lọ ńkọ́? Àńtí ní, "Fáírọ́ọ̀sì nìyẹn." Àwa àgbà gan-an rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun gbẹ. Ọ́ńkù tan àwòrán sára ògiri, ó ń kà á bí ẹní ń ka ìkéde ní ṣọ́ọ̀ṣì. CTSS, operating system tí Fernando Corbató àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ṣe ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà ní 1961, ó tún kan Multics tó tẹ̀lé e. Ohun tó fẹ́ sọ dára: pé kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo lè máa dá ọ̀pọ̀ èèyàn lóhùn, tó bá ń fún kálukú ní bíńtín nínú àkókò ẹ̀, tó sì ń yí kiri kíákíá. Àmọ́ ìyá olóúnjẹ ṣì dúró níbẹ̀ látàná, wọn ò pè é! Obìnrin tó bu ìrẹsì fún ọ, tó yíjú gbowó lọ́wọ́ ẹlòmíì, tó yọ ẹran fún ẹni kẹta, tó tún padà wá da ọbẹ̀ sórí tìrẹ kó tó tutù, tí kálukú sì ń rò pé òun nìkan ni wọ́n ń dá lóhùn, kí ni wọ́n ń pè ní time-sharing tó ju ìyẹn lọ? Ó ń yún mi lẹ́nu láti ẹ̀yìn. Ọmọ mẹ́ta ti sùn lọ.

Géèmù ló jí wọn. Ní 1969, Bell Labs, ilé iṣẹ́ ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà, jáwọ́ nínú iṣẹ́ Multics. Òṣìṣẹ́ wọn kan, Ken Thompson, ní géèmù kan tó kọ fúnra ẹ̀, Space Travel, tí ọkọ̀ ń fò láàárín oòrùn àti àwọn pílánẹ́ẹ̀tì. Ó rí ẹ̀rọ PDP-7 kan tí wọn ò fi bẹ́ẹ̀ lò, ó gbé géèmù ẹ̀ lọ síbẹ̀, ibẹ̀ ló ti di iṣẹ́ gidi. Ìyàwó ẹ̀ gbé ọmọ wọn lọ kí ẹbí ní California fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kí wọ́n tó dé, Thompson ti kọ ohun mẹ́ta tó kù, ohun kan lọ́sẹ̀ kan, Unix, operating system tuntun, sì ti ń mí. Orúkọ yẹn gan-an, Multics ni wọ́n fi ń ṣẹ̀fẹ̀: ìyẹn ń ṣe ohun púpọ̀, tiwa á ṣe ẹyọ kan. Tọ́míwá bojú wẹ̀yìn wò mí. Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn ẹ̀, pé gbogbo ìgbà tí mo ń gba géèmù lọ́wọ́ òun, Thompson ni mo ń dí lọ́wọ́. Mo mi orí fún un pé kó gbàgbé ẹ̀.

Ọjọ́rú ni mo tó sọ pé owó mi ò jóná.

Wọ́n gbé ẹ̀rọ kan tó ń lo DOS, operating system àtijọ́ tí wọ́n ń táípì àṣẹ fún, jáde láti yàrá inú, ara ẹ̀ tó funfun tẹ́lẹ̀ ti pọ́n bí eyín amusìgá, ojú ẹ̀ yọ síta bíi ti tẹlifíṣọ̀n àtijọ́. Wọ́n tàn án, ó gbin, ó ka mẹ́mórì ẹ̀, ó wá dúró síbi C:\> pẹ̀lú ìlà kékeré kan tó ń ṣẹ́jú. Kò sí àwòrán, kò sí àwọ̀, kò sí ibi tí èèyàn máa fọwọ́ kàn. Àwọn ọmọ rọ̀gbà yí i ká, ó dá bí ẹni pé wọ́n ń wo ẹran tí wọn ò mọ̀ bóyá ó ń bu èèyàn jẹ. Omi bọ́ lójú mi. Mo ní eruku ni.

Mofẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Ọ́ńkù ní kó bá a sọ̀rọ̀. Ó tẹ *bawo ni*, ó tẹ Enter. Ẹ̀rọ dáhùn: *Bad command or file name*. Ó rò ó díẹ̀, ó rò pé bóyá torí òun ò kí i dáadáa ni, ó wá tẹ *e kaaro ma*. *Bad command or file name*. Ọmọkùnrin kan láti ẹ̀yìn ké pé, "Kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé!" Kíláàsì tú ká. Nígbà tó yá ni Àńtí sọ ọ̀rọ̀ kan sí i létí. Ó tẹ *dir*, orúkọ fáìlì sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ lọ lójú ẹ̀rọ bí omi òjò. Ẹ ò rí ojú ọmọ yẹn! Láti ọdún tó ti ń nu fóònù lójú, n kò rí i kó yà á lẹ́nu báyìí rí. Fóònù máa ń fi ohun gbogbo hàn án kó tó bèèrè. Èyí ò fi nǹkan kan hàn án títí ó fi mọ ọ̀rọ̀ tó máa sọ.

Irú ẹ̀ ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ní Mọ́kọ́lá. WordPerfect 5.1 la fi ń táípì, ojú aláwọ̀ búlúù, pẹ̀lú páálí tẹ́ẹ́rẹ́ tá a fi lé orí àwọn bọ́tìnì F kó máa rán wa létí pé Shift pẹ̀lú F7 la fi ń tẹ̀wé, F7 lásán la fi ń jáde. Ẹ̀rọ náà ò mọ ẹ tó ní ìdí, kò mọ ọ, kò mọ ṣ. Tá a bá tẹ ìwé Yorùbá tán, a ó jókòó tì í pẹ̀lú bírò dúdú, a ó máa fi ọwọ́ to àmì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ohun tó wá bà mí nínú jẹ́ jù ni ọ̀rọ̀ orúkọ fáìlì. DOS ò gbà ju lẹ́tà mẹ́jọ lọ, àti mẹ́ta lẹ́yìn àmì ìdúró. Nílẹ̀ Yorùbá! Níbi tí orúkọ ọmọ ti lè gùn tó odindi àdúrà! Ọdún kan wà tí Olúwafúnmiláyọ̀ gbé purojẹ́ẹ̀tì wá, ẹ fi lẹ́tà mẹ́jọ kà á, ẹ ó rí i pé OLUWAFUN ló máa kù. Lọ́sẹ̀ kejì Olúwafúnmiṣẹ́ náà gbé tiẹ̀ dé. OLUWAFUN nìyẹn náà. Ọmọ iṣẹ́ mi fẹ́ tọ́jú ti ẹnì kejì, ẹ̀rọ bi í léèrè bóyá kó fi èyí rọ́pò tàtijọ́, ó rò pé ọ̀rọ̀ ìkíni ni, ó tẹ Y. Ojú ewé mẹ́rìnlélọ́gọ́rin Olúwafúnmiláyọ̀ bá afẹ́fẹ́ lọ. Mo fi òru mẹ́ta tún un táípì, mi ò gba kọ́bọ̀. Mo sọ ọ́ fún àwọn ọmọ náà nígbà tí Ọ́ńkù ní kí n wá síwájú. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Olúwadámilọ́lá ka tiẹ̀ lórí ìka, ó ní, "Èmi á jẹ́ OLUWADAM." Gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gé orúkọ ara wọn.

Bí mo ṣe dé iwájú nìyí: Ọ́ńkù ti ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún wọn pé Bill Gates jókòó kọ DOS látìbẹ̀rẹ̀. Mo nawọ́. Ó ní, "Ẹ máa wí, Mà." Mo ní, "Ọmọ mi, kò rí bẹ́ẹ̀." Gary Kildall ti ní operating system tiẹ̀, CP/M, láti 1974, òun ló wà lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà kékeré nígbà náà. IBM, ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ńlá, fẹ́ irú ẹ̀ fún ẹ̀rọ tuntun wọn, ọ̀rọ̀ òun àti Kildall ò wọ̀, Microsoft, ilé iṣẹ́ Gates, wá gba iṣẹ́ náà. Microsoft ò sì ní in nílé. Ní Seattle, ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Tim Paterson, ti kọ ọ̀kan ní 1980, tó kọ́kọ́ pè ní QDOS, ìkékúrú fún ohun tí wọ́n fi ìwàǹwára ṣe. Microsoft ra gbogbo ẹ̀tọ́ orí ẹ̀ ní July 1981, ní $50,000. Ní August ọdún yẹn, IBM PC jáde, DOS sì wà nínú ẹ̀. Ọgbọ́n Gates ni pé kò ta á pa fún IBM, ó fi ẹ̀tọ́ láti tà á fún àwọn ẹlòmíì pa mọ́ sọ́wọ́. Ọjà ni ọkùnrin yẹn mọ̀, àwa ọlọ́jà la sì máa ń dá ara wa mọ̀. Ọ́ńkù ò bínú. Ó yẹ fóònù ẹ̀ wò, ó ní, "Ẹ ṣeun, Mà, bẹ́ẹ̀ ni," ó pa tàtijọ́ rẹ́ lára pátákó. Mo bu ọlá fún un níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ tí mo mọ̀ á ti ní kí n jókòó.

Aago mọ́kànlá kọjá díẹ̀, wọ́n mú iná lọ. Ọmọ mẹ́rin tó ń táípì lórí àwọn ẹ̀rọ orí tábìlì pàdánù gbogbo ohun tí wọ́n kọ, ọ̀kan sunkún. Èmi ò bínú sí ìyẹn, ẹ̀kọ́ tó dáa jù lórí bí wọ́n ṣe ń tọ́jú fáìlì nìyẹn. Ohun tó bí mi nínú ni pé ogójì ìṣẹ́jú ni wọ́n fi wá ẹni tó máa lọ ra epo jẹnẹrétọ̀. Ẹni tó bá gba ₦25,000 lọ́wọ́ òbí ní Ìbàdàn yìí, tó sì mọ̀ pé iná lè lọ nígbàkigbà, ó yẹ kó ti ra epo sílẹ̀ láti òwúrọ̀.

Ọjọ́bọ̀ dùn mọ́ àwọn ọmọ ju mi lọ. Máòsì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, irú àtijọ́ tó ní bọ́ọ̀lù nínú. Àńtí sọ fún wọn pé máòsì àkọ́kọ́ tí Douglas Engelbart àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ṣe, igi ni ara ẹ̀, ó sì fi han àwùjọ ní San Francisco ní December 1968. Mo rò pé wọ́n gbọ́ ọ, àmọ́ wọ́n ti ṣí ìdí máòsì náà, wọ́n ti yọ bọ́ọ̀lù jáde, wọ́n ń gbá a kiri ilẹ̀. Mofẹ́ fẹ́ gbé e lọ sílé, mo gbà á lápò ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Látibẹ̀ wọ́n sáré: ilé iṣẹ́ Xerox ní Palo Alto, ẹ̀rọ Alto ní 1973 tó ti ní fèrèsé àti máòsì nígbà tí kò tíì sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n, Macintosh ti Apple ní 1984 tó gbé irú ẹ̀ dé orí tábìlì èèyàn, ní $2,495, Windows àkọ́kọ́ ní 1985 tí kò fi bẹ́ẹ̀ rìn. Wọ́n ní ẹ̀rọ kan tó ní Windows 98, wọ́n jẹ́ kí kálukú lò ó fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Solitaire, géèmù káàdì, ni wọ́n lọ bá. Èyí náà ní ìdí ẹ̀: láti 1990 ló ti wà nínú Windows, ó sì kọ́ àwọn tí kò di máòsì mú rí bí wọ́n ṣe ń fà á, tí wọ́n ń jù ú sílẹ̀. Mo fẹ́ fi kún un pé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí mo mọ̀ ní Sẹkitéríàtì fi ogún ọdún kọ́ ẹ̀kọ́ yẹn, wọn ò yege.

Ọmọ kan béèrè pé kí ló dé tó jẹ́ Start ni wọ́n ń tẹ̀ kí wọ́n tó lè pa á. Kò sẹ́ni tó rí ìdáhùn. Mo ti béèrè ohun kan náà ní 1996.

Ohun tí wọn ò sọ ni èyí tó ṣe pàtàkì sí èmi: Windows 95, tó jáde ní 24 August 1995, ló gbà wá lọ́wọ́ lẹ́tà mẹ́jọ. Ó gbà tó 255. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ kọ Olúwafúnmiláyọ̀ sílẹ̀ láìgé e, mo ra Fáńtà fún gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Díìsìkì kéékèèké ni wọ́n fi tà á fún àwọn tí kò ní CD, mẹ́tàlá ni tèmi, ìkẹsàn-án kọ̀ láti kà, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Wọ́n fi àwòrán òkè aláwọ̀ ewé tó máa ń wà lójú Windows XP parí ọjọ́ náà. Gbogbo àwọn ọmọ ló ní àwòrán tí wọ́n yà ni. Fọ́tò ni. Charles O'Rear ló yà á ní California ní 1996, pẹ̀lú kámẹ́rà oní-fíìmù. Tọ́míwá jiyàn títí a fi délé.

Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ti jẹ gbèsè. Linux, Ubuntu, Android, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n rọ́ sínú wákàtí méjì, torí wọ́n fẹ́ ya fọ́tò, wọ́n sì fẹ́ pín sàtífíkéètì. Apá tó kan ohun tó wà lápò àwọn ọmọ yìí gan-an ni wọ́n gbé sí ìdí ìkòkò! Wọ́n sọ fún wọn pé Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ní Helsinki, kọ̀wé sí àwọn èèyàn ní August 1991 pé òun ń ṣe operating system kan, èyí tó wá di Linux, pé eré ìtura lásán ni. Wọ́n sọ pé ọ̀fẹ́ ni, pé ẹnikẹ́ni lè ṣí inú ẹ̀ wò. Wọn ò mẹ́nu kan Richard Stallman tó ti kéde GNU, operating system ọ̀fẹ́ tiẹ̀, láti 1983, tí iṣẹ́ ẹ̀ jẹ́ apá ńlá nínú ohun tí Linux ń gbé kiri. Ó kéré tán, wọ́n jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé Mark Shuttleworth tó bẹ̀rẹ̀ Ubuntu, irú Linux kan, ní 2004, ọmọ South Africa ni, pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà sì ni orúkọ náà. Ojú wọn là sí ìyẹn.

Nígbà tí Àńtí wá ní kí wọ́n yọ fóònù tí òbí wọn fún wọn, ó ní Linux ló wà nísàlẹ̀ Android tẹ́ ẹ ń lò yìí, ariwo sọ. Ó sọ fún wọn pé Google ra Android ní 2005, pé fóònù àkọ́kọ́ tó lò ó jáde ní 2008, pé orúkọ ìpápánu ni wọ́n máa ń fi pe ẹ̀dà ẹ̀ tẹ́lẹ̀ ní ìtòtẹ̀lé ABD tiwọn: Cupcake, Donut, Eclair, ó lọ títí dé Pie. Dónọ́ọ̀tì ni wọ́n mọ̀. Kò sẹ́ni tó jẹ Nougat rí. Tọ́míwá ní kí ló dé tí kò fi sí gúgúrú níbẹ̀.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, kì í sì í ṣe ara ètò ọjọ́ náà rárá. Àńtí kọ ABD Yorùbá sára pátákó. A, Àkàrà. B, Bàbá Dúdú. D, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jà, dùndú tàbí dọ̀dọ̀, dọ̀dọ̀ borí. E, Èkuru. Ẹ, Ẹ̀kọ. F, Fùfú. G, Gúgúrú. Wọ́n dé GB, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ wà, ọmọ kékeré kan tí kò sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ Ajé ní, "Gbẹ̀gìrì!" Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ọ̀kan ní òun ò lè lo fóònù tó ní Gbẹ̀gìrì láìní Àmàlà, Àńtí ní Àmàlà ò lè wọlé mọ́, Àkàrà ti gba ààyè A. Níbẹ̀ ni Ọ́ńkù ti wọlé pé àwọn ayàwòrán ti dé, kí wọ́n tò sórí ìlà. Ó dùn mí.

Ẹjọ́ mi kù méjì. Sàtífíkéètì tí wọ́n ń ṣe wàhálà lé lórí, ₦2,000 ni lọ́tọ̀, wọn ò sọ ọ́ nígbà tí a ń sanwó, wọ́n sì kọ orúkọ Mofẹ́ ní "Mofe", láìsí àmì kankan. Nínú kíláàsì tí wọ́n ti fi odindi ọ̀sẹ̀ sọ bí ẹ̀rọ ṣe kọ́ èdè wa díẹ̀díẹ̀! Èkejì tún tan mọ́ ọn. Wọn ò sọ fún àwọn ọmọ pé Microsoft ṣe ojú Yorùbá fún Windows 7, tí ọ̀pọ̀ ohun tí ẹ̀rọ ń sọ á máa jáde ní Yorùbá. Ọkọ ọmọ mi ló fi í sórí láptọ́ọ̀pù mi, ó ṣì wà níbẹ̀ dòní. Àwọn ìtumọ̀ kan wà níbẹ̀ tí mo ní láti kà lẹ́ẹ̀mẹta kó tó yé mi, àmọ́ ẹ̀rọ tí kò mọ ọ ní 1992 ni mo ń wò yẹn.

Ẹni tó bá fẹ́ mú ọmọ lọ, kí ọmọ náà ti tó mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá. Mofẹ́ jẹ èrè níbi eré, àmọ́ ọ̀rọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kọjá lórí ẹ̀ lọ. Ẹ gbé omi àti ìpápánu dání, ẹ bi wọ́n nípa epo kí ẹ tó sanwó, ẹ má gba sàtífíkéètì. Tó bá jẹ́ Àńtí ló ń kọ́ wọn jù, ẹ san án tọkàntọkàn. Ó ku oṣù díẹ̀ kó parí ìsìnrú ìlú ẹ̀, mo ti sọ fún Ọ́ńkù pé kó má jẹ́ kó lọ. Máàkì tèmi, méje nínú mẹ́wàá. Ọjọ́rú nìkan gba mẹ́rin níbẹ̀.

Láti ìgbà tí a ti dé, Tọ́míwá ti fi Ubuntu sórí láptọ́ọ̀pù bàbá ẹ̀ láìgbàṣẹ, ìyẹn sì ti di ọ̀rọ̀ láàárín wọn. Mofẹ́ ní tiẹ̀, tí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ bá ti ní, "Mofẹ́, lọ bu omi wá," á wò ó lójú kòrókòró, á ní, "Bad command or file name." Lọ́jọ́ Àìkú, mo ní kó lọ bá mi mú gíláàsì ojú mi wá. Ó la ẹnu, mo rí i bí B ṣe ń bọ̀ lẹ́nu ẹ̀. Mo kàn wò ó. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ̀ẹ́n, Mà," ó sáré lọ.